Bí Ọdẹ́ṣínà Ṣe Wá Ilé Mórèniké Dé Ọ̀já Oòrùn

Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà gbé e mì, kí ẹni tó ń sín sín in tán. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ sún mọ́ mi, nítorí n kò ní pariwo. Ọ̀rọ̀ tí mo mú dání lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo.

Àrẹ̀mú yìí ló fà á. Bí mo ṣe yọ lọ́nà báyìí, ó kí mi, ó ní, "Ọmọ a-jí-gbọn-ìrì!" Mo sì dá a lóhùn bí ẹni iyì. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, oríkì ilé ìyá yín lẹ ń jẹ́ yẹn. Ṣé ti ilé baba yín kò dùn ni?" Ó dùn o. Ti ilé baba mi dùn bí oyin ìgàn. Ṣùgbọ́n ti ilé ìyá mi, ojú ọ̀run ni wọ́n ti lọ gbà á wá, níbi tí àwọn ìràwọ̀ ń gbé. Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi tí mo di ẹfọ̀n létí mú, tí ìkookò rí tó ní òun kò mọ̀ pé èmi ni, n kò dé ibẹ̀ rí. Ọdẹ́ṣínà, baba tó tọ́ ìyá mi dàgbà, ló dé ibẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, bó sì ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín, àfi ibi tí mo bá ti rí i pé ó nílò iyọ̀ díẹ̀.

Ọdẹ ni Ọdẹ́ṣínà ní ìlú Ìpàkún. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àyọ̀ká. Wọ́n ti ń gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, wọn kò rí ọmọ bí. Ní òwúrọ̀ kan nígbà ọyẹ́, òkúta kan já láti ojú ọ̀run, ó dún gbì, ó sì gbẹ́ ihò sínú oko ẹ̀gúsí Ọdẹ́ṣínà. Kí ó tó débẹ̀, ará ìlú ti pé síbẹ̀, wọ́n ti tẹ gbogbo ilẹ̀ débi pé ọdẹ kankan kò lè ka ẹsẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Òkúta dúdú kan wà nínú ihò náà, kò tóbi ju àgbọn lọ. Létí ihò ni ọmọdébìnrin jòjòló kan wà, wọ́n fi àkísà wé e, ó ń sunkún. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ọmọ òkúta ni.

Ọdẹ́ṣínà bọ́ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ ọrùn rẹ̀, ó fi gbé ọmọ náà, ó kó òun àti òkúta rẹ̀ wá sílé. Àyọ̀ká kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ọ̀já kan tó ti rà láti ọdún kejì ìgbéyàwó rẹ̀, tí kò tíì fi pọn ẹnikẹ́ni rí, ó sì fi pọn ọmọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Mórèniké.

Wọ́n kẹ́ ẹ lóòótọ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó máa ń fi ọ̀já ìyá rẹ̀ pọn òkúta náà kiri ilé, á máa rẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún mọ́. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́ṣínà ṣe àṣìṣe kan, ọdẹ tòótọ́ nìkan ló sì lè ṣe irú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ á kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀, baba á sì ki í, á pe àwọn tó ti ṣẹ̀ wá lé e lórí. Ọdẹ́ṣínà kò ki Mórèniké rí. Á ní, "O jí ire, ọmọ mi?" á sì dákẹ́ síbẹ̀. Nínú tirẹ̀, ọdẹ kì í gbé ẹran tí ọfà ọdẹ mìíràn wà lára rẹ̀. Ọmọ yìí ní ilé tirẹ̀ níbì kan. Bí òun bá da oríkì ilé òun lé e lórí, òun ti jí i gbé lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀ nìyẹn. Inú rere ló fi ṣe é. Inú rere náà a sì máa pa ènìyàn lára.

Mórèniké di ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àjàgbé, ọmọ alágbẹ̀dẹ, fẹ́ ẹ, òun náà sì fẹ́ Àjàgbé. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí wọ́n gbé ìyàwó, ìyá Àjàgbé wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baba ìyàwó, a fẹ́ ọmọ yín, a kò sì ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí ìyàwó bá ń lọ ló ń sun ẹkún ìyàwó, tí í ki àwọn baba rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ta ni ọmọ yìí máa kì? Bó bá dákẹ́ níbẹ̀, ìlú á ní ọmọ òkúta ni mo fẹ́ fún ọmọ mi, wọn kò sì ní jẹ́ kó gbádùn láéláé. Ẹ dákun, ẹ bá mi wá ilé rẹ̀."

Ọdẹ́ṣínà jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Ó bá Mórèniké níbẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Baba mi," ó ní, "àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ́ mi ní ẹkún ìyàwó. Mo mọ̀ ọ́n sun. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ki ilé, mo máa ń ṣe bíi pé ikọ́ ń ṣe mí. Mo ti wúkọ́ títí, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọdẹ́ṣínà lára. Ó wọlé, ó gbé òkúta náà sínú àpò, ó so ìbọn kọ́ èjìká, ó ní, "Àyọ̀ká, mò ń lọ wá àwọn ẹbí ọmọ wa." Àyọ̀ká ní, "Bí o bá rí wọn, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó wọ Igbó Àìdúró, níbi tí àwọn igi ti máa ń rìn lọ mu omi lọ́sàn-án gangan. Ibẹ̀ ló ti pàdé iwin kan tí ń jẹ́ Ojúlórúnkún. Ó ga tó ọ̀pẹ méjì, orí rẹ̀ sì dán bọ̀rọ́, nítorí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ojú rẹ̀ wà. Bí ó bá fẹ́ wo ẹni tó ń bọ̀, àfi kó kọ́kọ́ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

Ó ká ṣòkòtò sókè, ó wo Ọdẹ́ṣínà tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, ẹni tó bá fẹ́ kọjá á já àlọ́ mi. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n pọ̀ lọ súà, gbogbo wọn ń rìn yí iná kan ká, síbẹ̀ ẹni tó bá dúró ti ọ̀kan nínú wọn, bó ranjú títí, ó ṣòro kó tó rí èkejì. Kí ni wọ́n?"

Ọdẹ́ṣínà ronú. Ó ní, "Irọ́ ni. Ohun tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á máa fi ara gbá ara."

"O kò mọ̀ ọ́n nìyẹn," ni iwin wí, ó sì na ọwọ́ láti gbé e sọ sẹ́nu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní èmi ni, ǹ bá ti yọ oògùn mẹ́rìndínlógún síta, èyí tó ń jó á máa jó, èyí tó ń fò á máa fò. Ọdẹ́ṣínà kò ṣe wàhálà. Ó kàn na ọwọ́, ó fa ṣòkòtò iwin náà wálẹ̀. Ilẹ̀ ṣú mọ́ iwin lójú. Ó ń ta ràrà, ó ń ké pé, "Ta ló pa oòrùn? Ta ló pa oòrùn?"

"Já àlọ́ ara rẹ fún mi, kí n ká ṣòkòtò rẹ sókè."

"Àwọn òkúta Ọ̀já Oòrùn ni! Àwọn tó yí oòrùn ká bí ọ̀já, láàárín Ìràwọ̀ Pupa àti Àgbà Ìràwọ̀!"

"Àwọn gan-an ni mò ń wá," ni Ọdẹ́ṣínà wí. "Jù mí síbẹ̀."

Nígbà tí Ọdẹ́ṣínà ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè tán, iwin fi ọwọ́ kan gbé e, ó jù ú bí ẹni sọ òkò sí ẹyẹ. Ó kọjá òṣùpá, ó kọjá Ìràwọ̀ Pupa tó pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ó sì dé Ọ̀já Oòrùn. Ó ti rò pé òun máa bá òkúta tó tò gìdìgìdì níbẹ̀, kí òun máa yẹ̀ fún wọn. Òfìfo ló bá. Ó pẹ́ títí kí ó tó rí ọ̀kan tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lókèèrè. Ìgbà náà ló mọ̀ pé iwin náà kò purọ́.

Lórí òkúta tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, tó rí roboto bí àkàrà, ni ìyá àgbà kan jókòó sí. Ìyá Afojúṣọ́ lorúkọ rẹ̀. Ó gbé awò gígùn kan lé ojú, Ọdẹ́ṣínà rò pé ìbọn ni, ló bá na gbalaja.

"Dìde, má dí ìmọ́lẹ̀ mi," ni ìyá náà wí. "Ó ku díẹ̀ kí n dá ọ̀nà òkúta yìí mọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Láti ìgbà wo lẹ ti ń wò ó?"

"Kí ìyá ìyá rẹ tó hu eyín. Bí mo bá rí òkúta kan lẹ́ẹ̀kan, n kì í sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo máa ń fi pè é, bí ẹ ṣe ń pe ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ ní Tuntun. Mo gbọ́dọ̀ rí i kó lọ, kó bọ̀, kó tún lọ, kó tún bọ̀. Ìgbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá dá mi lójú ló ń wọ inú iye àwọn tí mo ti kà, lẹ́yìn náà la ó wá fún un lórúkọ. Kí lo wá ṣe?"

Ọdẹ́ṣínà rò ó fún un. Ìyá náà na ọwọ́ sí òkúta méjì tó ń bọ̀, ọ̀kan ń tàn, èkejì ṣókùnkùn. "Èwo ló tóbi nínú wọn?"

Ọdẹ́ṣínà rẹ́rìn-ín. Bí ó bá tan iná ọdẹ tó ń dè mọ́rí nínú igbó, ẹran tí ojú rẹ̀ bá tàn jù ló máa ń sọ pé ó tóbi jù. Ó ní, "Èyí tó ń tàn ni."

"Èyí tó ń tàn kò ju ahéré oko rẹ lọ. Èyí tó ṣókùnkùn lè gbé Ìpàkún mì lọ́nà mẹ́wàá. Funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà fún wa, dúdú ń gbé e mì. Má fi dídán mọ nǹkan níbí, ọmọ mi."

Ó sì kọ́ ọ. Ó ní àwọn tó dúdú bí ìdí ìkòkò ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ọ̀nà tó jìnnà sí oòrùn. Àwọn tó rí bí ọmọ ọlọ, tí ojú wọn pọ́n díẹ̀, ń rìn nítòsí iná. Àwọn onírin kò pọ̀. Bí òun bá fẹ́ mọ èyí tí ọ̀kan jẹ́, òun á gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sínú awò kó tú ká bí òṣùmàrè, òun á wá wo àwọ̀ tó dín nínú rẹ̀, nítorí àwọ̀ tí òkúta bá jẹ ló ń sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

Ọdẹ́ṣínà yọ òkúta inú àpò rẹ̀. Ó rí i pé ó dúdú. Kó tó di pé ìyá náà ya ẹnu, ó ti bẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn dúdú. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń ti orí ọ̀kan fò sí orí èkejì, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń kí wọn ní ẹbí ọmọ rẹ̀. Gbogbo wọn gbóòórùn òkúta náà, gbogbo wọn ní, "Tiwa kọ́." Ó padà dé, àárẹ̀ ti mú un.

"Ṣé mo ní kí o lọ?" ni Ìyá Afojúṣọ́ wí. "O tún ti fi ojú wò ó. Iná tó bá pàdé lọ́nà nígbà tó ń já bọ̀ ló jó ara rẹ̀ dúdú. Fọ́ ọ, kí a wo inú rẹ̀."

"Fọ́ kẹ̀? Ìyá, ohun kan ṣoṣo tí ọmọ mi bá wáyé nìyí. Ó ti pọ̀n ọ́n rí."

"Bí o kò bá lè fọ́ ọ, gbé e padà lọ sílé."

Ọdẹ́ṣínà gbé òkúta náà mọ́ra fún ìgbà pípẹ́. Ó rántí ọmọ kékeré tó ń rẹ òkúta kó má sunkún, òun gan-an wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọkùnrin tó pa erin tó sì tún sunkún lórí òkúta ọmọ rẹ̀, n kò tíì rí akọni tó jù ú lọ. Ó fi ìdí ìbọn lù ú, ó là sí méjì. Inú rẹ̀ funfun bí eérú, nǹkan róbótó-róbótó bí ọkà bàbà wà káàkiri nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yà ọmọ ọlọ," ni ìyá náà wí. "Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo rí i lọ́jọ́ tó yà bàrá sí ọ̀nà òfo. Àwọn ọ̀nà kan wà níbí tí òkúta kì í pẹ́ níbẹ̀, nítorí Àgbà Ìràwọ̀ a máa fa ẹni tó bá gbà wọ́n títí yóò fi gbé e jù nù. Máa bọ̀, kí n mú ọ lọ sí ìdílé rẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìdílé kan ni wọ́n?"

"Ọ̀nà wọn ni. Mo ń wo bó ṣe jìnnà sí oòrùn tó, bó ṣe gùn yàtọ̀ sí roboto tó, àti bó ṣe fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó. Àwọn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bá ara wọn mu, ìyá kan náà ló fọ́ tó di gbogbo wọn. Ìyá wọn ti lọ tipẹ́, àwọn ọmọ ṣì ń tọ ọ̀nà rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìdílé náà, Ọdẹ́ṣínà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ni Mórèniké, mo kí yín o. Mo bá yín tọ́ ọ, ó ti dàgbà, ó fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ẹ dákun, kí ni wọ́n ń ki ilé yín?"

Àwọn òkúta náà gbóòórùn òkúta tó fọ́ náà. Àgbà wọn wá fèsì, ó ní, "A mọ òkúta tó wà lọ́wọ́ rẹ, àbúrò wa ni. A kò mọ ọmọ kankan. Òkúta kì í bí ènìyàn."

Ọdẹ́ṣínà wo Ìyá Afojúṣọ́. Ìyá náà gbé awò sílẹ̀.

"Mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Obìnrin kan ń kọjá létí oko rẹ, àìsàn ti dé ibi tó lè dé lára rẹ̀. Ó gbọ́ ìró òkúta. Ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn á sáré wá wò ó, ló bá tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí etí ihò náà kí wọ́n lè rí i. Kò rìn jìnnà wọ inú igbó lẹ́yìn náà kó tó ṣubú."

"Ọmọ ilé ibo ni obìnrin náà?"

"Òkúta ni mò ń ṣọ́, n kì í ṣọ́ ilé. N kò mọ̀, ọmọ mi. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ mọ́."

Ọdẹ́ṣínà jókòó. Gbogbo ìrìn rẹ̀ di asán. Ó rí Mórèniké lọ́kàn rẹ̀, ó dúró lójú gbogbo ìlú, ó ń wúkọ́. Ó fẹ́ gbójú kúrò níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì lọ bá òkúta kan tó ń rìn láàárín ìdílé náà. Ó dúdú kirikiri, kò jọ ọ̀kankan nínú wọn.

"Ìyá, èyí ńkọ́? Kò jọ wọ́n."

"Kì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Àlejò ni. N kò mọ ibi tó ti wá, ọ̀nà ló pa wọ́n pọ̀."

"Wọn kì í lé e ni?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ wọn, n kò rí ọjọ́ tí wọ́n lé e. Lóòótọ́, èmi tí mò ń ṣírò máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí Àgbà Ìràwọ̀ bá fa ìdílé yìí, ó ń fa òun náà mọ́ wọn. Ibi tí wọ́n bá sì lọ ló ń lọ." Ìyá náà wò ó lójú. "Ta ni ọmọ rẹ máa ń tọ̀ lẹ́yìn?"

Ọdẹ́ṣínà rántí ọ̀nà oko lówùúrọ̀, òun níwájú, Mórèniké kékeré lẹ́yìn, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ kó lè tẹ ibi tí òun ti tẹ̀. Bí wọ́n bá dé oko, ìrì á ti mú òun tutù dé itan, ẹsẹ̀ ọmọ á sì gbẹ. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ìyá, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Mo ti pẹ́ jù."

Ìyá Afojúṣọ́ tú ọ̀já ìdí rẹ̀, ó fi pọn ọ́n, bó ti dàgbà tó yẹn, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Ìpàkún jẹ́jẹ́ bí ẹni sọ ọmọ tó ti sùn.

Ọjọ́ ìyàwó ló dé bá. Gbogbo ìlú ti pé sójú agbo. Mórèniké dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń sun ẹkún ìyàwó, ohùn rẹ̀ dùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àyọ̀ká, ó dágbére fún àwọn ará ilé. Ó wá dé ibi tí wọ́n ti ń ki ilé. Ó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ohùn kan ti ẹ̀yìn èrò wá: "Mórèniké! Ọmọ a-jí-gbọn-ìrì! Ọmọ ará Ìpàkún tí í kọ́kọ́ gba ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn má bàa tutù. Ọmọ Ọdẹ́ṣínà. Ọmọ Àyọ̀ká. Ọmọ a-jí-gbọn-ìrì!"

Èrò là. Ìyá Àjàgbé ní, "Baba, ẹ ti rí ilé rẹ̀?"

"Mo rí i. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń gbé inú rẹ̀, èmi ni n kò sọ fún un. Ẹ̀bi mi ni. Mórèniké, ọmọ mi, jọ̀ọ́ má bínú sí mi."

Ikọ́ náà dá. Mórèniké wo baba rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè:

"Èmi ọmọ a-jí-gbọn-ìrì,
Baba mi lọ níwájú,
Mo fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀,
Ìrì ò kàn mí rí."

Ìyá Àjàgbé ló kọ́kọ́ sunkún, lẹ́yìn náà ni gbogbo ìlú. Ọdẹ́ṣínà fún Mórèniké ní ìdajì òkúta náà, ó sọ ìtàn obìnrin tó tẹ́ ẹ sí etí ihò fún un, kó lè mọ̀ pé wọn kò jù ú nù. Ìdajì kejì, abẹ́ ìrọ̀rí Ọdẹ́ṣínà ni wọ́n ti bá a lọ́jọ́ tó kú. Èmi ọmọ Mórèniké ni mo kó ìdajì méjèèjì pọ̀. Òun nìyí, ẹ máa gbà á wò lọ́wọ́ ara yín, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kó bọ́.

Ọ̀rọ̀ mi dé ilé. Àrẹ̀mú, ó yá, kí mi lẹ́ẹ̀kan sí i.